Àwòrán Àyà Tí Kì Í Ṣe Ti Bọ́sẹ̀dé

Ihò náà wà ní apá òsì, lókè, ó tó ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Dókítà ti fi bírò pupa yí i po, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá pé: "Oògùn kò ràn án mọ́. Kó lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń lo oògùn tó le ju èyí lọ. Kó má ṣe bá èèyàn jókòó pọ̀."

Ìnísípẹ́kítọ̀ Bọ́sẹ̀dé Dúródọlá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìkọ̀lé. Orí ìdúró ló ti kà á. Ó ti fi ìwé náà han ọ̀gá àgọ́ lánàá, wọ́n sì ti gbé àga Bọ́sẹ̀dé jáde sábẹ́ igi máńgòrò kó tó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò jókòó lé e. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè jókòó síbẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ni wọn yóò sọ di àyè òun.

Dípíò, ọ̀gá àgọ́ náà, dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Bọ́sẹ̀dé, má rò pé mo kórìíra rẹ o. Àwa náà ní aya àtọmọ nílé. Kó gbogbo fáìlì rẹ fún Ọbáfẹ́mi, ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ẹtì. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe báyìí?"

"Mo fẹ́ ṣe ìwádìí, sà."

"Ìwádìí kí ni?"

"Ti àyà mi."

Dípíò wò ó bí ẹni tí ibà ti gun orí. Kó tó rí èsì fọ̀, Bọ́sẹ̀dé ti fi àwòrán náà há abíyá, ó ti kí i bí ọlọ́pàá ṣe ń kí ọ̀gá, ó ti bẹ́ sọ́nà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni obìnrin yìí, mọ́kànlélógún nínú rẹ̀ ló sì ti fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Oṣù karùn-ún rèé tó ti ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò fo ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti oṣù kejì ni ikọ́ ti fi í sílẹ̀. Yẹ̀rì tó ń já bọ́ nídìí rẹ̀ nígbà ọyẹ́ ti wá ń fún un. Bó ṣe ń lọ lójú títì, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: nínú ara mi àti àwòrán yìí, ọ̀kan ń parọ́. Ọgbọ́n tí mo fi ń mú onírọ́ láti ọjọ́ yìí, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

*

Nọ́ọ̀sì Fẹ́yìsayọ̀ ló ń tọ́jú àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn tí Bọ́sẹ̀dé ti ń gba oògùn. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè purọ́ fún un pé òun ti lo oògùn àná.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ sòótọ́ fún mi. Ṣé mò ń kú lọ ni?"

Fẹ́yìsayọ̀ ka ìwé dókítà, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí ni wọ́n rí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín lóṣù kejì?"

"Wọn ò rí kòkòrò kankan."

"Ti oṣù karùn-ún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ńkọ́?"

"Wọn ò rí nǹkan kan."

"Kílò mélòó lẹ ti fi sanra?"

"Méje."

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó dáadáa." Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ti Bọ́sẹ̀dé títí orúnkún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Láti àárọ̀, kò sí ẹni tó tíì sún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. "Àwòrán àyà kì í ṣe adájọ́, ẹlẹ́rìí lásán ni. Bí iná bá jó oko, tó kú tán, ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣì dúdú fún ọjọ́ pípẹ́ ni? Bí ẹ̀dọ̀fóró náà ṣe rí nìyẹn. Kòkòrò á ti kú, àwòrán á ṣì máa fi ibi tó jẹ hàn. Ẹlòmíràn á sàn pátápátá, àpá á wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń sọ bóyá kòkòrò ṣì wà láàyè."

"Ihò yìí ńkọ́?"

"Òun gan-an ló ń kọ mí lóminú. Apá ọ̀tún ni àìsàn yín wà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Báwo ló ṣe wá fò sí apá òsì láìwú ikọ́ kankan? Bí àwòrán àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ń bá ara wọn jà, ńṣe ló yẹ ká tún méjèèjì yẹ̀ wò. Dókítà yìí kánjú. Kò tilẹ̀ béèrè àwòrán àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wa."

"Ẹ bá mi gbé àkọ́kọ́ yẹn wá."

Wọ́n lẹ méjèèjì mọ́ gíláàsì fèrèsé, oòrùn Ìkọ̀lé sì là wọ́n kọjá. Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ibi tó funfun. Bọ́sẹ̀dé ní tirẹ̀ kò wo ibẹ̀ rárá. Bó ṣe máa ń wo yàrá tí olè ti jà ló ṣe wo àwòrán náà: ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó ń bọ̀ sáàárín díẹ̀díẹ̀. Ó fi ìka ka eegun ìhà láti òkè wá sísàlẹ̀, ní kọ̀ọ̀kan. Ní apá ọ̀tún àwòrán àkọ́kọ́, ó dúró.

"Kí ni kókó tó wà lára ìkẹfà yìí?"

"Eegun tó ti ṣẹ́ rí nìyẹn, tó sì ti jiná. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó ti ṣẹ́."

Bọ́sẹ̀dé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún kẹsàn-án rèé tí adigunjalè kan fi ìdí ìbọn gbá a níhà ní ọ̀nà Ayédé. Eegun náà ṣẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọkùnrin náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá yòókù fi dé.

"Ẹ bá mi wá kókó yẹn nínú àwòrán tuntun."

Fẹ́yìsayọ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ìkẹfà ń dán gbọọrọ, kò ní kókó, kò ní àbùkù.

"Ṣé oògùn yín máa ń tún eegun ṣe ni, Nọ́ọ̀sì?"

"Kò sóògùn tó ń pa irú ẹ̀ rẹ́."

"Ó dáa. Kì í ṣe èmi nìyí." Ó tún sún mọ́ gíláàsì. "Obìnrin ni, òjìji ọmú rẹ̀ nìyí. Kí ni nǹkan róbótó tó ń tàn lọ́rùn rẹ̀ yìí, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́?"

"Ó jọ mẹ́dàlì Màríà Mímọ́ tí àwọn Àgùdà máa ń fi sọ́rùn. Ó yẹ kí wọ́n ní kó bọ́ ọ kí wọ́n tó ya àwòrán."

"Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí láti inú oyún. Ẹnì kan ti gbé àyà ẹlòmíràn wọ̀ mí." Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. "N óò mọ ẹni náà."

*

Sájẹ́ǹtì Ọbáfẹ́mi ni Bọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ fura sí. Òun ló bá a gba àwòrán náà wá láti Ìdó, òun náà ni wọn yóò sì kó fáìlì rẹ̀ fún. Bọ́sẹ̀dé bá a lẹ́yìn àgọ́ níbi tó ti ń nu ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gbé àpò ìwé àwòrán náà síwájú rẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló ṣí i?"

"Màdáámù?"

"Gọ́ọ̀mù ilé àwòrán funfun, ó sì ti gbẹ. Lórí rẹ̀ ni ẹnì kan tún lẹ séròtéèpù mọ́. Irú séròtéèpù tó wà lórí tábìlì rẹ ni. Mo tún béèrè: ta ló ṣí i?"

Ọkùnrin náà gbé àkísà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Èmi ni, màdáámù."

"O pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Rárá o! Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Má fi Ọlọ́run búra, fi ẹnu rẹ sọ̀rọ̀. Kí lo ń wá nínú àyà mi?"

Ọbáfẹ́mi jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀. "Ọdún méjì la ti jọ ń jókòó nínú ọkọ̀ kan náà. Aya mi lóyún oṣù méje. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ lóṣù tó kọjá, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti sàn. Nígbà tí mo rí ìwé dókítà tó wà nínú ẹ̀, mi ò sùn." Ó fa ìwé kékeré kan yọ lápò. "Mo fi í pamọ́, mo yọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ní Ọ̀yẹ́ kí n tó gbé e fún yín. Wọn ò rí kòkòrò kankan nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi. Ojú ń tì mí láti sọ fún yín."

Bọ́sẹ̀dé gba ìwé náà, ó kà á, ó sì dá a padà. Ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba àga èèyàn kì í lọ ṣe àyẹ̀wò ní ìkọ̀kọ̀.

"Sọ bó ṣe lọ lọ́jọ́ tí o lọ gbà á fún mi. Kí ni ọkùnrin ẹ́síréè yẹn kọ́kọ́ sọ?"

"Mo ní mo wá gba ti Dúródọlá. Ó ní, 'Èwo nínú wọn?' Mo ní B. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní B ni àwọn méjèèjì. Ó sì na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn àpò náà, ó gbé e fún mi."

Bọ́sẹ̀dé mú àpò náà kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹyẹ kan ń ké lórí igi máńgòrò níwájú. "Ṣé ọkọ̀ rẹ ní epo?"

"Ó ní, màdáámù."

"Ṣé wàá lè jókòó tì mí?"

Sájẹ́ǹtì náà ṣílẹ̀kùn iwájú fún un fúnra rẹ̀. "Ẹ wọlé, màdáámù. Ẹ jẹ́ ká lọ."

*

Ilé àwòrán aládàáni náà wà ní ẹ̀yìn ọ̀nà ní Ìdó, kò ní pátákó tó dáa. David, ẹni tó ń ya àwòrán, ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà nígbà tí wọ́n wọlé. Bọ́sẹ̀dé kò fi káàdì ọlọ́pàá hàn án.

"Mo wá béèrè Dúródọlá kejì."

Búrẹ́dì dúró lẹ́nu ọkùnrin náà. "Dúródọlá kan ṣoṣo ló wá lọ́sẹ̀ yẹn, màdáámù."

"Èmi ò dá ọ̀sẹ̀ kankan, ìwọ lo dá a. Gbé ìwé orúkọ wá."

Ó gbé e wá. Lójú ewé ọjọ́ náà, ìlà kẹrìnlá ni "Dúródọlá B., Ìkọ̀lé". Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìkọ rẹ́ kun ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kí ló wà níbí?"

"Àṣìkọ ni. Ẹnì kan fẹ́ yàwòrán, kò yà á mọ́."

"Ó kọ orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ó fọwọ́ sí i, ó sì lọ láìyàwòrán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màdáámù."

Bọ́sẹ̀dé ṣí ewé náà, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sójú fèrèsé. Ẹni tó kọ ọ́ tẹ bírò mọ́lẹ̀ gan-an, àmì ọ̀rọ̀ sì ti yọ sẹ́yìn ìwé, ní òdìkejì. Ó kà á láti ọ̀tún sí òsì, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: Dúródọlá Bísí. Ìgbólé. Nọ́ńbà fóònù nìkan ni kò ṣeé kà.

"David, jókòó."

Ó jókòó.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lọ́jọ́ kẹta." Omi ti lé sí i lójú. "Nọ́ńbà ara àwòrán ni mo fi wé ti inú ìwé, mo rí i pé mo ti ki ìkẹrìnlá sínú àpò ìkẹẹ̀ẹ́dógún, mo sì ki ìkẹẹ̀ẹ́dógún sí tìkẹrìnlá, kí dókítà tó kọ̀wé sí i. Obìnrin yẹn ti gba tirẹ̀ lọ. Mo pè é lórí fóònù, kò wọlé. Bí ọ̀gá mi bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Mo wá rò ó pé ẹ̀yin kúkú ti ń lo oògùn. Kò sí ewu fún yín."

"Kò sí ewu fún mi." Bọ́sẹ̀dé tún ọ̀rọ̀ náà sọ díẹ̀díẹ̀. Títí di ìṣẹ́jú náà, orí ara rẹ̀ ló ń jà fún. Ọ̀rọ̀ náà wá yí padà nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá yí òkúta, tó rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Èmi ni mo gba ihò tirẹ̀. Kí ni òun wá gbà?"

David ò lè gbójú sókè. "Ti yín. Èyí tó ti ń sàn. Dókítà kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé kò sí ìbẹ̀rù, pé àpá àtijọ́ díẹ̀ ló kù."

"Ọjọ́ mélòó rèé?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, obìnrin kan ń gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ kiri, tó rò pé àyà òun mọ́. O pè é lẹ́ẹ̀kan, o sì lọ ra ọ̀dà funfun." Ó ti ìwé orúkọ náà bọ abẹ́ apá Ọbáfẹ́mi. "Sájẹ́ǹtì, pe ọlọ́pàá Ìdó kí wọ́n wá jókòó ti arákùnrin yìí. Ṣe kíákíá. Ìgbólé ń dúró dè wá."

*

Kò sí ẹni tó mọ Bísí Dúródọlá ní Ìgbólé. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta, wọ́n béèrè níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Bísí jáde sí wọn tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì tíì ya àwòrán àyà rí láyé rẹ̀.

"Bóyá orúkọ ayédèrú ló fi sílẹ̀," Ọbáfẹ́mi wí.

"Ó jọ pé orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀," Bọ́sẹ̀dé dáhùn. "Ìyàwó ilé ni, tí kò fẹ́ kí ilé ọkọ òun gbọ́. Níbí, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Má wá orúkọ mọ́. Kí ni ẹni tó ti ń wúkọ́ fún ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ̀rù ikú ti ń bà, máa ṣe bí wọ́n bá sọ fún un pé àyà rẹ̀ mọ́?"

Ọbáfẹ́mi ronú díẹ̀. "Á dúpẹ́."

"Níbo?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni ẹni tó fi mẹ́dàlì Màríà sọ́rùn ń lọ?"

Sájẹ́ǹtì ti ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Katikíìsì, ẹni tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà náà, ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Bàbá arúgbó ni. "Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́pàá. Ìdúpẹ́ ìlera? Ìyá Ẹ̀bùn nìyẹn! Ìyẹn Ẹ̀bùnolúwa ọmọ rẹ̀. Àwòrán àyà rẹ̀ gan-an ló gbé wá síwájú pẹpẹ, gbogbo wa pàtẹ́wọ́."

"Ulé rẹ̀ ńkọ́, bàbá?" Bọ́sẹ̀dé fi ẹnu ilé béèrè.

"Ẹ ò ní bá a nílé báyìí. Òun ló ń tọ́jú jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá tó ń lọ oko ló ń kó ọmọ wọn tì í."

Wọ́n gbọ́ ikọ́ náà kí wọ́n tó rí ẹni tó ń wú u. Ikọ́ inú ni, èyí tó ń fa egungun. Ọmọ mẹ́tàlá ló jókòó sórí ẹní nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nítorí eruku, wọ́n ń kọrin a-b-d. Láàárín wọn ni ọ̀dọ́mọdébìnrin kan tí eegun èjìká rẹ̀ ti yọ gànnàgànnà dúró sí. Mẹ́dàlì kékeré kan ń tàn lọ́rùn rẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, ṣí gbogbo fèrèsé. Kó àwọn ọmọ jáde sábẹ́ igi, kí wọ́n máa kọrin wọn lọ." Bọ́sẹ̀dé yíjú sí obìnrin náà. "Bísí, má bẹ̀rù. N kò wá mú ẹ."

Bísí gbọ́ orúkọ tí kò sẹ́ni tó ń fi pè é níbẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e jáde. Wọ́n jọ jókòó níta, lórí bẹ́ńṣì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bọ́sẹ̀dé fún un ní ìbòmú kan, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi iyọ̀ sí i: nọ́ńbà méjì, àpò méjì, ọ̀dà funfun.

"Irọ́ ni!" Bísí bú jáde. "Mo ní ìwé! Dókítà kọ ọ́! Mo ti jẹ́rìí níwájú Ọlọ́run!"

"Gbé e wá ká wò ó."

Ó sáré wọlé, ó gbé e jáde nínú aṣọ funfun tó fi wé e bí ọmọ tuntun. Bọ́sẹ̀dé gbé e sókè sí oòrùn. Ó ka eegun ìhà. Ní ìkẹfà, lápá ọ̀tún, kókó rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àyà rẹ̀ rèé. Ibi tó kún fún kùrukùru nínú àwòrán àkọ́kọ́ ti mọ́, ó ku àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, bí ibi tí wọ́n ti rán aṣọ. Láti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló ti ń sàn nínú àpótí ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń fi àwòrán ẹlòmíràn lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n Bísí ń wo ojú rẹ̀.

Ó mú ọwọ́ Bísí, ó fi í kan ìhà ara rẹ̀ lórí aṣọ, níbi tí kókó náà wà. "Ṣé ọwọ́ rẹ bà á? Wò ó nínú àwòrán. Tèmi nìyí. Èyí ni tìrẹ, wo mẹ́dàlì rẹ."

Bísí wo ihò náà. Ó wò ó pẹ́. "Ó ti jẹ mí tán."

"Kò jẹ ẹ́ tán. Èmi náà wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Wò mí." Ó fa páálí oògùn rẹ̀ yọ lápò. "Oṣù kan ló kù fún mi. Oògùn ọ̀fẹ́ ni, Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi á máa wò ọ́ bí o ṣe ń lò ó."

"Ẹ ò mọ ìyá ọkọ mi. Ọkọ mi wà ní Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ ti ní bó bá jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, òun á mú Ẹ̀bùn lọ, mi ò sì ní fojú kàn án mọ́. Nítorí ẹ̀ ni mo fi lọ sí Ìdó, tí mo fi orúkọ bàbá mi sílẹ̀."

"Bí o bá pa á mọ́, ta ló máa kọ́kọ́ mí èémí rẹ nínú ilé?"

Bísí yí ojú padà. Ó ń wo ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ fìlà pupa láàárín àwọn tó ń kọrin lábẹ́ igi. Ẹ̀bùn ni.

Nígbà tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí dé láti oko, Bọ́sẹ̀dé dìde láti bá wọn sọ̀rọ̀. Bísí fà á láṣọ. "Ẹ jókòó, ma. Èmi ni wọ́n kó ọmọ wọn tì."

Ó dúró lókèèrè sí wọn, ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó sì sọ ọ́. Obìnrin kan kígbe, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó lọ láìwẹ̀yìn. Òmíràn ń bú u títí ohùn rẹ̀ fi há. Bísí ò kúrò lójú kan. Ó ń dárúkọ àwọn ọmọ náà ní kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún Sájẹ́ǹtì Ọbáfẹ́mi ẹni tó ti ń wúkọ́ nínú wọn àti ẹni tí kò wúkọ́, kí ó lè kọ ọ́ fún Nọ́ọ̀sì. Kò fo ẹnì kan. Tọmọ tirẹ̀ ló fi parí rẹ̀.

*

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Bísí fi hàn pé kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn tí Bọ́sẹ̀dé ń lò náà lè pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n yẹ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá wò, wọ́n sì rí àìsàn náà lára ẹnì kan, òun náà bẹ̀rẹ̀ oògùn. Àwọn tó kù gba oògùn ìdènà. David wà níwájú adájọ́, wọ́n sì ti ilé àwòrán náà pa. Bọ́sẹ̀dé gbé àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi í sórí tábìlì Dípíò. Ọ̀gá náà nawọ́ sí àwọn ìlà tó kù, ó béèrè ohun tí wọ́n jẹ́.

"Àpá ni, sà. Yóò máa wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàìsàn, ẹ béèrè kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi." Kò kó fáìlì kankan fún ẹnikẹ́ni.

Lóṣù kejì, ìyá ọkọ Bísí wá láti Ìjẹ̀ṣà-Ìsù. Bọ́sẹ̀dé wà nílé Bísí lọ́jọ́ náà, ó wá wo bí ara ṣe rí. Ìyá náà ti gba àwòrán tuntun lọ́wọ́ Bísí, ó gbé e sókè, ó sì rí ihò náà. Ó ti súnkì, kò ju ẹ̀pà kan lọ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ó ṣì wà ńbẹ̀! Mo sọ ọ́! Ẹ di ẹrù ọmọ náà fún mi."

Bọ́sẹ̀dé yanu, ṣùgbọ́n Bísí ti ṣáájú rẹ̀. Ó gba àwòrán náà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kúnlẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá. Ẹ wo ti oṣù méjì sẹ́yìn, kí ẹ wo ti òní. Ihò kì í dí lọ́jọ́ kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀, ìwé rẹ̀ rèé. Ó ku oṣù mẹ́rin, n óò lò ó pé. Ẹ lè dúró tì wá, kí ẹ máa rí mi bí mo ṣe ń lò ó láràárọ̀. Ẹ lè padà lọ sílé. Ẹ̀bùn ò lọ síbì kankan."

Ìyá náà wo Bọ́sẹ̀dé, bóyá ọlọ́pàá yóò bá òun dá sí i. Bọ́sẹ̀dé ká ọwọ́ mọ́ orúnkún, ó ń wo òde.

Nígbà tó ṣe, ìyá ọkọ Bísí sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Aago mélòó lo máa ń lo oògùn náà?"

"Aago méje, màmá."

"Ó dáa. Tẹ́ ẹní fún mi."